ÌRORA KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀: Ẹ JẸ́ KÍ A SỌ ÒTÍTỌ́ FÚN DÓKÍTÀ

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí gùn díẹ̀. Ẹ má kàn kọ "Àmín" kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, nítorí ó lè jẹ́ ìyá yín ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an.

Àṣìṣe tiwa la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wàásù, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àléébù àwọn ẹlòmíràn nìkan la mọ̀ ọ́n sọ.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní sọ ìlú rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ oko ló fi tọ́ ọmọ: iṣu, ẹ̀gẹ́, àti kòkó díẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, ó gba itan lọ sí ẹsẹ̀. Wọ́n kọ tramadol fún un nílé ìwòsàn, ti ọjọ́ mẹ́wàá péré. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, kò padà lọ mọ́. Ó mú páálí oògùn náà lọ sí kẹ́mísì, ọmọ tó wà níbẹ̀ wo páálí, ó fún un ní òmíràn. Báyìí ni ìyá wa ṣe fi ọdún mẹ́rin lo oògùn ọjọ́ mẹ́wàá. Kẹ́mísì ò bi í léèrè. Dókítà ò rí i mọ́. Àwa tí a jẹ́ pásítọ̀ rẹ̀ ò mọ nǹkan kan.

Ó wá di ọjọ́ kan, a ń ṣe ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta. A sọ lórí pẹpẹ pé kí gbogbo ẹni tó bá ní oògùn nínú báàgì lọ kó o dànù, nítorí ìwòsàn ti dé. Ìyá yìí gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Ó kó gbogbo rẹ̀ dà sí ṣáláńgá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dà, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń yán ṣáá, ó ń làágùn, ó tún ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Ìgbẹ́ gbuuru dé. Oorun ò kùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró lójú kan lórí ibùsùn. Ìrora ẹ̀yìn náà padà, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àwọn ọmọ rẹ̀ pè wá. A dé ibẹ̀, a wò ó, a ní, "Ogun ni. Ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ ò fẹ́ kó gba ìwòsàn yìí." A gbàdúrà mọ́jú. A tún ní kó gbààwẹ̀. Àgbàlagbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń gbẹ omi ara rẹ̀, àwa ní kó gbààwẹ̀!

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ó pè lórí fóònù, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, oògùn wo ni màmá ń lò tẹ́lẹ̀?" Ìbéèrè kan péré. Gbogbo àwa tí a wà nínú yàrá yẹn, tí a fi òróró yàn án, tí a kọrin, tí a pariwo, kò sí ẹni tó ti bi í.

Ará ìyá náà ti mọ́ oògùn, a sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tó rí i dá oògùn náà padà fún un ní ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, ó sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lónìí, màmá wà láàyè, ó ń wá sí ìsìn. Ẹ̀yìn náà ṣì ń dùn ún díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sóko ẹ̀bá ilé. A ti bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa rí, a bẹ ẹ̀yin náà lónìí. Ẹ forí jì wá.

IRÚ OÒGÙN WO NÌYÍ?

Àwa kì í ṣe dókítà. Díplómà ẹ̀kọ́ Bíbélì la gbà, a ò gba ti ìṣègùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, a ti ń kà, a sì ń bi àwọn ọmọ wa tó jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Oògùn ìrora pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Paracetamol wà. Ibuprofen àti diclofenac wà, àwọn tó lè dá egbò sí ikùn, tí wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́ tí a bá sọ wọ́n di oúnjẹ. Ìdílé mìíràn wá wà tí àwọn dókítà ń pè ní opioid. Morphine, codeine, pentazocine àti tramadol wà nínú ìdílé yìí. Ara ewéko kan ni wọ́n ti ń rí morphine àti codeine. Tramadol ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ Jámánì kan tó ń jẹ́ Grünenthal ló ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1977. Iṣẹ́ tí gbogbo wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ ìrora nínú ọpọlọ àti nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà, àánú ni oògùn yìí jẹ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn àti orúnkún dídùn tó ti di ọlọ́dún-mọ́dún yàtọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Hóró kan tó ṣiṣẹ́ lóṣù àkọ́kọ́, tó bá yá kò ní tó mọ́. Ẹni náà á sọ ọ́ di méjì, á sọ ọ́ di mẹ́ta. Ìgbẹ́ á máa gan. Òòyì á máa kọ́ àgbàlagbà, á sì máa ṣubú. Nígbà mìíràn pàápàá, bí oògùn náà bá ti pẹ́ lára, ṣe ni ara á túbọ̀ máa gbọ́ ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tramadol tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: bó bá pọ̀ jù, ó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ bí ẹni tó ní wárápá. Àgbà tí ara rẹ̀ le ò gbọ́dọ̀ lò ju 400 mílígíráàmù lọ lóòjọ́, ìwọ̀n ti arúgbó sì kéré sí ìyẹn. Ti 50 àti ti 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí. Àwọn 200, 225 àti 250 tí wọ́n ń yọ́ tà fún àwọn ọlọ́kadà àti àwọn lébìrà oko, ìjọba ò fọwọ́ sí wọn.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó bá lo oògùn yìí tán, tó tún mu paraga tàbí àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, tàbí tó lo oògùn oorun mọ́ ọn, mímí rẹ̀ lè dúró lójú oorun. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á ní àwọn ayé ló pa á.

ARA MỌ́ Ọ̀N Ò JỌ BÁRAKÚ

Ìyàtọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ mú dání. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. A máa ń sọ pé "ara rẹ̀ ti mọ́ ọn." A tún máa ń sọ pé "ó ti di bárakú fún un."

Ẹni tí ara rẹ̀ mọ́ oògùn, tí kò bá rí i lójijì, á ṣàìsàn. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá lò ó pẹ́, ì báà ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Kò túmọ̀ sí pé oníwàkiwà ni. Ẹni tó di bárakú fún ni ẹni tó ń wá a kiri ju oúnjẹ lọ, tó mọ̀ pé ó ń ba ilé òun jẹ́, síbẹ̀ tí kò lè jáwọ́. Àwọn méjèèjì nílò ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ wọn ò dọ́gba. Tí a bá wá mú màmá àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn, tí a pè é lórúkọ kan náà pẹ̀lú ọmọ tó ń fi tramadol ṣe fàájì lábẹ́ afárá, kí ló kù fún màmá bí kò ṣe kó máa fi pamọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti ẹni kan. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ UNODC ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, sọ pé mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn lórílẹ̀-èdè yìí ló lo opioid lọ́nà tí dókítà ò là sílẹ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine wọlé, lẹ́yìn tí BBC fi fíìmù hàn nípa bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń mu ún bí ọtí. Ní oṣù Kejì 2025, BBC tún fi hàn pé wọ́n ń kó oògùn kan wá láti India sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tapentadol tí wọ́n pò mọ́ carisoprodol, oògùn méjì tó ń ré ènìyàn lọ, tí wọ́n wá kó sínú hóró kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ra oògùn ìrora lọ́jà láìsí ìwé dókítà, kò dájú pé ó mọ ohun tó ń gbé mì.

ÀÌSỌ̀RỌ̀ NÍBI MÉJÈÈJÌ

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ mọ ìtàn yìí jù wá lọ. Ní 1996, ilé iṣẹ́ Purdue gbé OxyContin jáde. Wọ́n ń sọ fún àwọn dókítà pé kò fi bẹ́ẹ̀ ń di bárakú. Àwọn dókítà gbà wọ́n gbọ́, wọ́n ń kọ ọ́ fún ẹlẹ́yìn dídùn àti olórúnkún dídùn. Ilé iṣẹ́ náà jẹ̀bi lẹ́nu ara rẹ̀ nílé ẹjọ́ ní 2007, ó tún jẹ̀bi ní 2020. Nígbà yẹn, òkú ti sùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni apá kejì ìtàn náà. Nígbà tí ẹ̀rù ba àwọn dókítà, pàápàá lẹ́yìn ìlànà tí àjọ CDC gbé jáde ní 2016, àwọn kan nínú wọn já oògùn gbà lọ́wọ́ àwọn aláìsàn lójijì, wọ́n lé àwọn mìíràn dànù. Àwọn tí wọ́n lé wọ̀nyí jìyà, àwọn kan gba ọ̀dọ̀ àwọn olóògùn ojú títì lọ, àwọn kan gbẹ̀mí ara wọn. Nígbà tó di 2019, FDA kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe dá oògùn náà dúró lójijì fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ní 2022, CDC tún ìlànà rẹ̀ kọ, ó ní kí dókítà àti aláìsàn jọ máa pinnu.

Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́? Wọ́n fúnni láìsọ̀rọ̀, ó pààyàn. Wọ́n gbà á padà láìsọ̀rọ̀, ó tún pààyàn. Èyí tí àwa ṣe lórí pẹpẹ ò yàtọ̀ sí ti àwọn dókítà tó lé aláìsàn. Aṣọ ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wa yìí dẹ́rù ba ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ ní 2017 pé morphine tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn Nàìjíríà ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n nílò. Ìyẹn ni pé tramadol burúkú kún ọjà fọ́fọ́, ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ ò sì rí morphine gidi lò. Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹni tó ń lọ sílé lè lọ láìjẹ̀rora. Iṣẹ́ Olúwa ni.

Àwọn ọmọ wa tó ní sickle cell náà wà ńbẹ̀, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Ọ̀yẹ́ sọ tirẹ̀ fún wa. Ìrora gbé e lóru, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ó sọ orúkọ abẹ́rẹ́ tó máa ń bá a lára mu. Ẹni tó wà níbẹ̀ wò ó tìka-tẹ̀gbin, ó ní, "Báwo lo ṣe mọ orúkọ rẹ̀? Oògùn ló ti di bárakú fún ọ." Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fún un ní nǹkan gidi. Ó ní, "Dádì, láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá dé ọsibítù, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan." Ọmọ yunifásítì! Ó kọ́ láti máa ṣe òpè kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo: ẹ̀rù tó ń ba àwọn dókítà nídìí. Pentazocine ti di bárakú fún àwọn kan nínú àwọn alárùn yìí, àwọn dókítà ilẹ̀ wa sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura ò lè rọ́pò ìbéèrè. Dókítà tó béèrè á mọ̀. Èyí tó fura nìkan á fìyà jẹ aláìṣẹ̀.

KÍ LÓ Ń DÍ Ọ̀RỌ̀ LỌ́WỌ́?

A jókòó, a ronú sí i. Kí ló dé tí màmá ò fi sọ òtítọ́ fún dókítà?

Èkíní, ìtìjú. Èkejì, ọ̀wọ̀ tí a fi tọ́ wa dàgbà. Níhìn-ín, a kì í bi ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀. Dókítà bá ní "Ẹ máa lo èyí," a ní "Ẹ ṣé, sà," a dìde. Ẹ̀kẹta, àkókò. Àwọn dókítà ti jápa tán. Ẹni tó ti Ayédé tàbí Ìpaò wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Ìdó, á jí láàárọ̀ kùtùkùtù, á jókòó de ìgbà tí wọ́n á pè é, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ló kù fún ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin?

Ẹ̀kẹrin ni èdè, ìyẹn ló sì dùn wá jù. Èdè wa lọ́rọ̀ nípa ìrora. A ní "ó ń ro mí," "ó ń ta mí," "ó ń gún mi," "ó ń jó mi," "ó ń fà mí," "ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn mí lára." Ohun tí oníkálukú wọn ń sọ yàtọ̀. Èyí tó ń jóni, tó ń tani láti ìbàdí dé àtàǹpàkò, ó lè jẹ́ ti iṣan ìmọ̀lára, oògùn mìíràn sì wà fún un tí kì í ṣe opioid rárá. Èyí tó ń ro nínú oríkèé lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé orí ìwé, gbogbo rẹ̀ ti di "body pain." Màmá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà, wọ́n kọ ẹyọ kan.

Wọ́n á tún bi í pé, "Màmá, nínú mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín?" Màmá á rò pé ọjà ni wọ́n ń ná. Tó bá pe iye kékeré, wọ́n á fún un ní oògùn kékeré. Á ní, "Mẹ́wàá ni o, ọmọ mi!" Ìbéèrè tó dáa jù níhìn-ín ni pé, "Màmá, kí lẹ ò lè ṣe mọ́?" Èkìtì la wà. Màmá á ní, "N ò lè gún iyán mọ́. N ò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà. N ò lè rìn dé ọjà." Dókítà ti rí nǹkan tó máa tọ̀ nìyẹn. Ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè má lọ tán pátápátá. Ohun tí ẹ jọ ń lé ni kí màmá padà gún iyán, kó sì padà kúnlẹ̀.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ̀yin aláìsàn: tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú ọ̀rá kan. Gbogbo rẹ̀ o: ti ọsibítù, ti kẹ́mísì, àgbo, àti paraga tí ẹ ò fẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́. Ẹ ka iye hóró tí ẹ ń lò lóòótọ́. Ẹ wá béèrè nǹkan mẹ́rin: Kí lorúkọ oògùn yìí, ṣé ara opioid ni? Ọjọ́ mélòó ni n ó lò ó? Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Tí ó bá tó àkókò, báwo la ó ṣe dá a dúró? Tí ojú bá ń tì yín, ẹ mú ọmọ yín dání kó bá yín béèrè.

Tí ẹ bá sì ti lò ó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró lójijì, ì báà jẹ́ wòlíì ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó ti lò ó ju ọdún kan lọ, wọ́n lè yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lóṣù kan, kí wọ́n tó tún yọ òmíràn. Ẹ má ṣe é fúnra yín. Ẹ má sì fún aládùúgbò nínú oògùn yín.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ọmọ wa: a mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ fún yín, owó ò sì tó. A ò bá yín jà. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ oògùn yìí, ẹ dá ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ sọ fún wọn pé eré ìmárale àti ìtọ́jú àwọn onífisiò ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yìn dídùn. Tí ẹnì kan bá jẹ́wọ́ fún yín pé òun ń lo mẹ́wàá lóòjọ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹni tí ẹ bá pariwo mọ́ lónìí, irọ́ ni yóò pa fún yín lọ́la.

Ẹ̀yin olóògùn kẹ́mísì: páálí òfìfo kì í ṣe ìwé dókítà. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ ká yé sọ fún ènìyàn pé kó da oògùn nù. Ẹni tó bá ní òun ti rí ìwòsàn, kó padà lọ fi ara rẹ̀ han dókítà, kí dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà la ó gbé makirofóònù fún un.

Àwọn kan á sọ pé, "Dádì ti tutù. Dádì ò gba ìwòsàn gbọ́ mọ́." A gbà á gbọ́ gan-an. Jésù wo àwọn adẹ́tẹ̀ sàn, ó sì ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà, ẹni tó ń yẹ irú àrùn bẹ́ẹ̀ wò nígbà yẹn. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo náà. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta nípa ẹ̀gún ara rẹ̀, Olúwa ò sì yọ ọ́. Oore-ọ̀fẹ́ ló fún un. Ṣé Pọ́ọ̀lù ò nígbàgbọ́ ni?

Àwọn mìíràn á ní, tí a bá ń fọwọ́ pẹ̀lẹ́tù mú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ á fi kẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn ọmọ ọlọ́kadà ní Ìkọ̀lé. Àwọn kan lára wọn á sọ fún yín pé torí ìrora ara lẹ́yìn iṣẹ́ ni àwọn ṣe kọ́kọ́ lò ó. Ká ní ẹnì kan bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ náà, bóyá ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Òkùnkùn ni nǹkan yìí ti ń dàgbà. Ẹ jẹ́ ká tan iná sí i.

A gbàdúrà fún gbogbo ẹni tí ìrora ò jẹ́ kó sùn lóru òní, kí Olúwa fún un ní ìsinmi, kó sì fún un ní dókítà tó létí. A gbàdúrà fún ẹni tí oògùn ti dè mọ́lẹ̀, kí ìdè náà tú, kó má sì kú sórí ìtúsílẹ̀. A gbàdúrà fún àwa tí à ń di pẹpẹ mú, kí Ọlọ́run kọ́ wa láti béèrè kí a tó pàṣẹ. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ lè kọ Àmín báyìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ pe ìyá yín. Ẹ bi wọ́n tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Màmá, oògùn wo lẹ̀ ń lò?" Kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ èsì.